Àtẹ Iyanrìn Nínú Ìmọ̀ràn Fún Ọ̀wọ́ Àwọn Ọ̀dọ́

Àtẹ iyanrìn jẹ́ àpótí pẹlẹbẹ tí a da iyanrìn sí, tí ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ fi ń to ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. Ère kéékèèké wà nítòsí, ti ènìyàn, ẹran, ilé, ọkọ̀ àti igi. Èyí tó bá wù ú ni yóò mú. Olùgbaninímọ̀ràn á jókòó tì í, á máa wò ó, kò ní darí ọwọ́ rẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ inú ọ̀wọ́ bá pé mẹ́rin tàbí mẹ́fà, kálukú lè ní àtẹ tirẹ̀, wọ́n sì lè jọ kọ́ ìlú kan ṣoṣo sórí àtẹ ńlá.

Margaret Lowenfeld, dókítà ọmọdé ní London, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tó ṣí ilé ìtọ́jú fún àwọn ọmọ tí ọkàn wọn kò balẹ̀ ní 1928. Àwọn ọmọ náà fúnra wọn ló kó ohun ìṣeré rẹ̀ sínú iyanrìn; ọgbọ́n tirẹ̀ ni pé kò dá wọn lẹ́kun. Lẹ́yìn náà ni Dora Kalff, ará Switzerland tó kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, sọ ọ́ di ètò tó gún régé. Àtẹ ti Kalff fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 57 sí 72. Wọ́n kun inú rẹ̀ ní àwọ̀ aró, kí odò lè yọ bí ọmọ bá wa iyanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Beyerunka ní Ìbàdàn, níbi tí agboolé ti fara kan agboolé, ìwúlò rẹ̀ hàn kedere. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ bá sọ láàárọ̀, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti dé etí ìyá àgbà. Bi ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá ń lù, tàbí ọmọ tí ìjà ìgboro gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, pé kí ló ń ṣe é; “Kò sí nǹkan kan, sà” ni yóò fèsì. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ọmọ kì í tú àṣírí ilé. Lórí iyanrìn, ó lè fi kìnnìún sí yàrá, kó sì ri ọkọ̀ mọ́lẹ̀, láì dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ère tí wọ́n ń tà lókè òkun kò tó. Ọmọ Ìbàdàn nílò ilé páànù tó ti dípẹtà, takisí Míkírà, ọ̀kadà, ewúrẹ́, mọ́sálásí, ṣọ́ọ̀ṣì àti egúngún. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí egúngún díẹ̀. Bàbá ńlá ni lójú ọmọ kan. Lójú ẹlòmíràn tí wọ́n ti fi pàṣán lé kiri, ẹ̀rù ni. Ìdí nìyí tí olùgbaninímọ̀ràn kò fi gbọdọ̀ túmọ̀ àtẹ kí ọmọ tó sọ̀rọ̀.

Nínú ọ̀wọ́, ẹnì kan kì í fọwọ́ kan àtẹ ẹlòmíràn, ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lè dákẹ́. Ère ni wọ́n ń bi léèrè: “Kí ni ìyá yìí ń wá?” Àṣírí pípamọ́ ló le jù. Kò dáa kí ọmọ agboolé kan náà jọ wà nínú ọ̀wọ́ kan. Bí ọmọ bá sì fi hàn pé wọ́n ń fìyà jẹ òun, àṣírí ti parí níbẹ̀: Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní tirẹ̀ láti 2006, wà láti dáàbò bò ó. Ó yẹ kí ọmọ gbọ́ èyí kó tó fọwọ́ kan iyanrìn rárá.

Ní Amẹ́ríkà, Shen àti Armstrong tẹ àbájáde ìwádìí wọn jáde ní 2008 pé irú ọ̀wọ́ yìí mú kí àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò ka ara wọn sí túbọ̀ níyì lójú ara wọn. Ní Ìbàdàn níbí, ibùdó ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ti Yunifásítì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì ju àtẹ lọ. Káfíńtà èyíkéyìí ní Bẹẹrẹ lè kan àtẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ni yóò mọ̀ pé ọmọ tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó ń gbèrò láti pa ara rẹ̀, kọjá agbára iyanrìn. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.