Láti Inú Ọ̀rá Dé Inú Ìtọ̀: Ìtàn Wíwọn Kẹ́míkà Àyíká Lára Ènìyàn àti Ìbátan Rẹ̀ Pẹ̀lú Ìwọ̀n Ara

Ìfáárà

Bí ọmọ bá sanra jù, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé ó ń jẹun jù, tàbí pé ó ya ọ̀lẹ. Òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan ti ń béèrè bóyá àwọn kẹ́míkà tó wà ní àyíká wa náà ń dá kún sísanra. Kí a tó lè dáhùn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọn kẹ́míkà náà lára ènìyàn. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Èrò wa ni pé mímọ ìgbà tó yẹ kí a wọn kẹ́míkà ṣòro ju wíwọ̀n ọ́n lọ.

DDT Nínú Ọ̀rá Ara

Ní ọdún 1939, Paul Müller, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ṣàwárí pé DDT ń pa kòkòrò. Ogun ẹ̀fọn àti iná ara tí wọ́n fi DDT jà gbé e níyì dé ibi pé Müller gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1948. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1951, Laug àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ àbọ̀ ìwádìí jáde pé wọ́n bá DDT nínú ọ̀rá ara ènìyàn àti nínú omi ọmú. Ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin de lílò rẹ̀ lóko ní ọdún 1972.

Ìwádìí náà fi hàn pé ohun tí a fọ́n sí àyíká ń wọ ara wa. DDT a máa fara pamọ́ sínú ọ̀rá, kì í sì í tètè jáde. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tó sanra bá fọn, kẹ́míkà tó wà nínú ọ̀rá rẹ̀ yóò tú padà sínú ẹ̀jẹ̀. Èyí já sí pé ìwọ̀n ara tí a fẹ́ ṣàlàyé fúnra rẹ̀ lè yí iye kẹ́míkà tí a bá nínú ẹ̀jẹ̀ padà.

Ìtọ̀ Àwọn Ọmọdé

Ní ọdún 2001, àjọ CDC ti Amẹ́ríkà gbé ìròyìn àkọ́kọ́ jáde lórí kẹ́míkà 27 tí wọ́n wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn ará ìlú. Nígbà tó di ọdún 2008, Calafat àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé nínú ìtọ̀ ènìyàn 2,517 tí wọ́n gbà ní ọdún 2003 sí 2004, ìdá 92.6 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní BPA, kẹ́míkà tí wọ́n ń fi ṣe ike líle àti ohun tí wọ́n fi ń tẹ́ inú agolo oúnjẹ.

Láàárín àkókò kan náà, ní ọdún 2002, Paula Baillie-Hamilton dábàá pé kẹ́míkà lè wà lára ohun tó ń mú ayé sanra. Ní ọdún 2006, Felix Grün àti Bruce Blumberg sọ irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ ní obesogen, èyí tí a lè pè ní kẹ́míkà amúnisanra. Nínú ìwádìí wọn, èkúté tí tributyltin kàn nínú oyún ní ọ̀rá lára ju àwọn yòókù lọ. Wọ́n máa ń po kẹ́míkà yìí mọ́ ọ̀dà ara ọkọ̀ ojú omi tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún 2012, Leonardo Trasande àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìtúpalẹ̀ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ 2,838 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 6 sí 19. Wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Ní ọ̀wọ́ tí BPA ti kéré jù, ìdá 10.3 nínú ọgọ́rùn-ún ló sanra jọ̀kọ̀tọ̀. Ní ọ̀wọ́ tó ti pọ̀ jù, ó jẹ́ 22.3. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí náà kò sọ pé BPA ló fà á. Ó lè jẹ́ pé àwọn ọmọ tó sanra ló ń jẹ oúnjẹ tí BPA pọ̀ nínú rẹ̀ jù. BPA kì í pẹ́ lára. Láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan, púpọ̀ rẹ̀ ti bá ìtọ̀ lọ. Ìtọ̀ òní ń sọ nípa oúnjẹ àná, bẹ́ẹ̀ sì ni sísanra jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Àgbà

Ọ̀nà àbáyọ ni kí a wọn kẹ́míkà ṣáájú kí ọmọ tó sanra. Láti ọdún 1959 sí 1967, ní agbègbè Oakland ní California, àwọn olùwádìí gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláboyún, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Ní ọdún 2021, Barbara Cohn àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbọ̀ jáde lórí àwọn ọmọ-ọmọ obìnrin wọn. Láàárín àwọn tí ìyá àgbà wọn kò sanra, àwọn tí irú DDT kan pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà wọn ló sanra jọ̀kọ̀tọ̀ jù. Èyí pàápàá ṣì jẹ́ ìbátan láàárín nǹkan méjì, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé sísanra ọmọ-ọmọ ló gbé DDT sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbí fún olùkọ́. Èkíní, kí a kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa béèrè èwo ló ṣáájú nígbàkígbà tí nǹkan méjì bá jọ ń rìn pọ̀. Èkejì kan ìwà wa nínú kíláàsì. Oúnjẹ àti eré ìdárayá ṣì ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ọmọ tí a ń fi sísanra ṣe yẹ̀yẹ́ lè máa ru ẹrù tí wọ́n ti dì kí wọ́n tó bí ìyá rẹ̀. Kí olùkọ́ ṣọ́ ẹnu rẹ̀.