Ìwé Ẹjọ́ Bahia àti Ìtàn Ìdílé Àgùdà

Ní Èrúwà, bí ọmọ bá fẹ́ mọ orírun baba ńlá rẹ̀, ọ̀dọ̀ àgbà ilé ni yóò lọ. Oríkì orílẹ̀ ni a ó sì fi dá a lóhùn. Ìdílé tí oko ẹrú àti ìdájọ́ ti já okùn rẹ̀ ńkọ́? Irú rẹ̀ wà láàrin àwọn Àgùdà tí baba wọn ti ilẹ̀ Bùràsíìlì bọ̀ wá sí Èkó, Ouidah àti Àjàṣẹ́. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó fi ìfẹ́ inú bọ̀. A lé àwọn mìíràn wá bí ọ̀daràn ni.

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1835, nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ, àwọn Ìmàle dìde ogun ní Salvador, olú-ìlú Bahia. Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí ogun náà fi fọ́. Ikú, pàṣán, ẹ̀wọ̀n àti ìlékúrò nílùú ni ó tẹ̀ lé e. Òfin ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún náà fún ìjọba láṣẹ láti lé ọmọ Áfíríkà tí ó ti gba òmìnira, bí a bá ṣáà ti fura sí i. Ní oṣù kọkànlá, ọkọ̀ Maria Damiana kó 150 irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ sí Ouidah. Ìfura lásán ni ẹ̀ṣẹ̀ púpọ̀ nínú wọn. Kí ni ọmọ wọn ń tijú sí?

Àwọn ìwé ẹjọ́ náà wà ní ilé ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba ní Salvador títí di òní. Nínú wọn ni João José Reis ti rí ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1986. Akọ̀wé kóòtù a máa kọ orúkọ àti ẹ̀yà olùjẹ́jọ́ sílẹ̀. Wọ́n yìnbọn pa Jorge da Cruz Barbosa àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, nítorí pé a kò rí ẹni tí yóò so wọ́n kọ́. Orúkọ rẹ̀ kejì nínú ìwé ni Ajahi. Yorùbá wo ni yóò rí i tí kò ní pè é ní Àjàyí?

Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣọ́ra. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí: ó sọ pé ọmọ náà dojú bolẹ̀ wáyé, kò sọ ìlú rẹ̀. Nàgó pàápàá kì í ṣe ìlú. Orúkọ ìdílé ti Pọtogí, ti olówó ẹrú ni lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n kọ ọ́ pé Tapa ni Luís Sanim. Kí ará Ìbàràpá má tètè sọ pé ọmọ Tápà tiwa ni, Núpé ni wọ́n ń wí. Ibi tí ìwé kóòtù bá dákẹ́ sí, a tún lè bi oríkì orílẹ̀ àti ilà ojú léèrè.