Oníbodè àti Ọlọ́pàá: Ta Ló Ni Ọ̀pá Lójú Ọ̀nà?

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní mofọ́lọ́jì láyé ọjọ́sí, ẹ ó rántí oní-. Oní pẹ̀lú bodè di oníbodè. Oní pẹ̀lú ọ̀pá di ọlọ́pàá. Mo máa ń kìlọ̀ fún yín nígbà náà pé oní- kì í fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí ẹni tó ni nǹkan. Oníbodè ayé àtijọ́ kọ́ ló ni bodè, ọba àtàwọn ìjòyè ló ni ín. Òun kàn jókòó lẹ́nu odi ìlú ni, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, ó sì ń ṣọ́ ẹni tó ń wọlé àtẹni tó ń jáde. Bodè àti ọ̀pá wà lọ́wọ́ ẹnì kan, nítorí ọ̀dọ̀ ọba ni méjèèjì ti wá.

Ọ̀rọ̀ di méjì nígbà tí bodè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ọdún 1663 ni ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣòfin pé kí wọ́n máa gba owó géètì lójú ọ̀nà kan. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbé ọ̀nà lé àwọn ìgbìmọ̀ lọ́wọ́, kí wọ́n máa yáwó tún un ṣe, kí wọ́n sì máa rówó san gbèsè náà lẹ́nu géètì. Àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí náà tún ń fi géètì háyà fún ẹni tó bá dá owó tó pọ̀ jù. Ohun tó bá rí lé e, èrè tirẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá fún owó géètì, iwájú adájọ́ ìjọba ni wọ́n ń gbé e lọ.

Ní Wales, ọ̀rọ̀ yìí sú àwọn àgbẹ̀, pàápàá àwọn tó ń ru òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń mú ilẹ̀ lọ́ràá. Láàárín 1839 sí 1843, àwọn ọkùnrin ń wọ aṣọ obìnrin lóru, wọ́n ń pe ara wọn ní Rebecca àtàwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n ń fọ́ géètì. Ìjọba kó sójà tì wọ́n. Síbẹ̀, ní 1844, ìjọba kan náà ló ṣòfin tó gba ọ̀nà gúúsù Wales kúrò lọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ayé òde òní. Ọ̀nà 407 ní Ontario, lórílẹ̀-èdè Kánádà, kò ní géètì rárá. Ọdún 1997 ni wọ́n ṣí i. Ní 1999, ìjọba fi háyà fún ilé-iṣẹ́ aládàáni fún ọdún 99. Kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà ọkọ̀, bíìlì á wá bá ọ nílé. Ẹni tó bá sá eré àsápajúdé, ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ló ń mú un. Ìyẹn ò ta kókó. Gbèsè ńkọ́? Òfin Ontario ní bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san, tí ilé-iṣẹ́ náà bá ti fi tó ìjọba létí, ìjọba ò ní bá a tún nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ̀ ṣe.

Ẹ wò ó dáadáa o: gbèsè aládàáni ni, àmọ́ ọ̀pá ìjọba ni wọ́n fi ń gbà á.

Awakọ̀ kan jẹ wọ́n ní owó tó lé ní 30,000 dọ́là. Ó wọko gbèsè, òfin ìjọba àpapọ̀ sì tú u sílẹ̀ kó lè tún ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà ní àwọn ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀pá náà. Ẹjọ́ dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà, wọ́n sì dá a ní oṣù kọkànlá ọdún 2015: ìpínlẹ̀ ò lè fi nọ́ńbà ọkọ̀ fipá gba gbèsè tí òfin àpapọ̀ ti pa rẹ́. Fún àwọn onígbèsè yòókù, ọ̀pá náà ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ náà ni mo wà. Ṣebí ẹni tó gun ọ̀nà ló yẹ kó sanwó? Ṣùgbọ́n bí oníṣòwò bá lè yá ọ̀pá ọba láti fi gba gbèsè, ta ni a ó ké sí bí ó bá nà wá ju bó ṣe yẹ lọ?

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ní òpin ọdún 2011 ni owó bodè bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni; ní 2013 ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní àwọn ń ra ẹ̀tọ́ náà padà. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ á tún wá. Kí a tó buwọ́ lùwé, ẹ jẹ́ ká ti bi ara wa: ta ni oníbodè, ta sì ni ọlọ́pàá? Bí ìdáhùn bá jẹ́ ẹnì kan náà, kí ẹni náà jẹ́ ẹni tí a lè fi ìbò yọ.