Agbo Ilé Tí Wọ́n Kọ́ Sínú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Niamey

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 1959, nígbà tí ó ku oṣù díẹ̀ kí orílẹ̀-èdè Niger gba òmìnira, wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Niamey, olú-ìlú rẹ̀ tí ó wà létí Odò Ọya. Ẹni tí ó bá rò pé gbọ̀ngán kan tí wọ́n kó nǹkan sí abẹ́ gíláàsì ni òun ń lọ wò, ẹnu yóò yà á. Ilẹ̀ gbalasa ni, ó tó hẹ́kítà 24. Lórí ilẹ̀ yìí ni wọ́n kọ́ ilé amọ̀ àwọn Haúsá, ahéré koríko àwọn Fúlàní, àgọ́ àwọn Tuareg àti ilé àwọn Songhai sí. Igi Ténéré pàápàá, èyí tí ó dá dúró láàrin aṣálẹ̀ kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kọlù ú ní ọdún 1973, ibẹ̀ ni wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú ibẹ̀ yàtọ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń jókòó ṣiṣẹ́ lójú àlejò: alágbẹ̀dẹ fàdákà, oníṣẹ́ awọ, ahunṣọ.

Ènìyàn méjì ni kò ṣeé yọ kúrò nínú ìtàn yìí. Ọ̀kan ni Pablo Toucet, awalẹ̀pìtàn ará Sípéènì, tí ó jẹ́ olùdarí àkọ́kọ́. Èkejì ni Boubou Hama, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú, tí ó jẹ́ olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní ọdún 1974. Kí Hama tó di olóṣèlú, olùkọ́ ni. Ó wà lára àwọn ọmọ Niger tí ó kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ William Ponty ní Senegal. Ọ̀rọ̀ yìí gba àròjinlẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ láyé ìjọba Faransé ni kí ó mú ọmọ kúrò nídìí ẹwìrì bàbá rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, kí ó fi í jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kí ó máa kọ́ ọ ní èdè tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nínú agbo ilé wọn. Ọkùnrin tí ó ṣe irú iṣẹ́ yìí náà ni ó wá dìde pé kí wọ́n kọ́ agbo ilé sí àárín ìlú. Kò jọ pé ó kábàámọ̀ ilé ìwé. Àwọn ìwé tí ó kọ lórí ìtàn àti àlọ́ ilẹ̀ rẹ̀ pọ̀, èdè Faransé ni ó sì fi kọ wọ́n. Ó jọ pé ohun tí ó rí ni pé ilé ìwé ti gba ọmọ, kò sì sí ẹni tí ó ń san ohun tí ilé pàdánù padà.

Ohun tí ilé ń kọ́ ọmọ kì í ṣe kékeré. Láàrin àwọn Tuareg, ìdílé ni ó ni iṣẹ́ ọnà. Inadan ni wọ́n ń pe àwọn tí a bí sínú rẹ̀: àwọn ọkùnrin ní ń ṣe irin, fàdákà àti igi, àwọn obìnrin ní ń ṣe awọ. Ìda oyin ni ìpìlẹ̀ ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà tí ayé mọ̀ sí àgbélébùú Agadez. Wọn á fi ìda mọ ọ́n, wọn á fi amọ̀ bò ó, wọn á yọ́ ìda náà jáde lórí iná, wọn á wá da fàdákà yíyọ́ sí àyè tí ó ṣófo. Nígbà tí ó bá tutù, wọn á fọ́ amọ̀ náà. Irú ọ̀nà yìí ni àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ gbà rọ àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń lọ wò. Ìda ni ó rọrùn fún ọmọdé: èyí tí ó bá bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣeé pò pọ̀ kí a tún un mọ. Fàdákà kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ti rí ọmọ alágbẹ̀dẹ Yorùbá nídìí ẹwìrì mọ̀ pé kò sí ẹni tí ń pe ìyẹn ní ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ tí a rán ọmọ ni. Ojú rẹ̀ ni ó ń kọ́ ọ.

Ibí ni ọ̀rọ̀ 'ayàwòrán tí ó kọ́ ara rẹ̀' ti ń ṣini lọ́nà. Rissa Ixa, Tuareg tí ó fi Niamey ṣe ibùjókòó, kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọnà. Síbẹ̀ ó ya ìgbésí ayé àwọn darandaran aṣálẹ̀, àwọn ènìyàn tí ọ̀dá ọdún 1968 sí 1974 àti ti 1984 fọ́n ká. Ní Abomey, Cyprien Tokoudagba (1939–2012) bẹ̀rẹ̀ láti orí ògiri ilé òrìṣà. Ní ọdún 1989 iṣẹ́ rẹ̀ dé ìpàtẹ ńlá kan ní Paris. Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní Ògìdì ní ọdún 1951, ọ̀dọ̀ ìyá ńlá rẹ̀ ni ó ti kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ, kí òun náà tó dá ibùdó ẹ̀kọ́ ọnà sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1983. Ta ni yóò sọ pé kò sí ẹni tí ó kọ́ wọn? Ilé ìwé ni kò kọ́ wọn. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba ní Niamey kò ní bàbá tí ń rọ fàdákà. Bí òbí rẹ̀ bá mú un lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà, èyí tí ó ti ń jẹ́ orúkọ Boubou Hama láti ọdún 2008, yóò rí ọwọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe iṣẹ́ tí ó parí nìkan. Ìyẹn dára. Ti ọmọ oníṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀ ni ó le. Àlejò láti òkè òkun ni oníbàárà fàdákà. Ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ ní àríwá Niger ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àti èyí tí ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2007 sí 2009, lé wọn sá, àìfararọ tí ó tẹ̀ lé e kò sì jẹ́ kí wọ́n padà bí ti tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó ń wo ọjà bàbá rẹ̀ tí kò tà kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé kí ó wá iṣẹ́ mìíràn.

Àgbélébùú wọ̀nyí pé oríṣi 21 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń kà á, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ń jẹ́ orúkọ ìlú tàbí agbègbè. Ìyá tí ó bá ní mẹ́ta nínú àpótí rẹ̀ lè tò wọ́n sórí ẹní láti àríwá wá sí gúúsù, kí ọmọ máa fi ìka tọ́ wọn, kí ó máa pè wọ́n: Iferouane, Agadez, Zinder.