Ọ̀rọ̀ Kan, Ìpilẹ̀ Mẹ́ta: Àyẹ̀wò ‘Pọ́ùn’ nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti nínú Ìtàn Ilẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí. Ẹni tí ó sọ ọ́, àkókò tí ó sọ ọ́ àti ibi tí ó ti sọ ọ́ ni à ń wò kí a tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí tọmọdé tàgbà mọ̀, èyí ni pound, tí Yorùbá yá tí ó di pọ́ùn. Ohun méjì ni a fẹ́ fi hàn. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní ọ̀nà kan náà yìí. Èkejì ni pé èyí tí Yorùbá yá nínú wọn ti gbé ìtumọ̀ púpọ̀ wọ̀, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn lè ṣi ìtàn ilẹ̀ àti ti ẹbí túmọ̀, pàápàá ní agbègbè bí Alímọ̀ṣọ́.

Ìpilẹ̀ ọ̀rọ̀ náà

Pound àkọ́kọ́ ni ti ìwọ̀n àti owó. Èdè Látìnì ni ó ti wá. Àwọn ará Róòmù a máa sọ pé libra pondo, èyí tí ó túmọ̀ sí libra kan ní ìwọ̀n. Àwọn ẹ̀yà tí ó tan mọ́ àwọn ará Jámánì yá pondo. Ó di pund nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ó sì di Pfund ní Jámánì òde òní. Libra náà kò ṣègbé. Òun ni ó bí lira tí àwọn ará Ítálì ná títí owó yúrò fi dé. Lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni a fa ìlà sí láàárín tí ó fi di àmì £, òun náà ni a sì gé kúrú sí lb tí a fi ń kọ ìwọ̀n. Ohun tí ó sọ ìwọ̀n di owó ni pé, láyé àtijọ́, pẹ́nì 240 ni a ń rọ láti ara fàdákà tí ó wọn pound kan. Ìdí nìyí tí pọ́ùn kan fi jẹ́ ogún ṣílè, tí ṣílè kan sì jẹ́ pẹ́nì méjìlá.

Pound kejì ni ti gígún tàbí lílù. Pūnian ni a ń pè é nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. Kò ní d ní ìparí rẹ̀ rárá. Ẹnu àwọn ènìyàn ni ó fi d kún un nígbà tí ó yá, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí sound. Òun ni ó wà nínú pounded yam tí a fi ń pe iyán ní Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ wa.

Pound kẹta ni ọgbà tí a ń há ẹran tí ó ṣìnà mọ́. Òun ni ó bí pond tí í ṣe adágún omi, òun náà ni ó sì wà nínú impound tí ìjọba ń lò fún ọkọ̀ tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé. Awakọ̀ tí wọ́n gba ọkọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkọ̀tún sí Ìgàndò lè rò pé owó ìtanràn tí òun san ni ó fa orúkọ náà. Ọgbà ẹran ni ó fà á.

Yíyá tí Yorùbá yá a

Ti owó àti ìwọ̀n nìkan ni Yorùbá yá nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò yani lẹ́nu, nítorí a ti ní gún, a sì ti ní gbẹ́sẹ̀ lé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọlé, ó tẹ̀ lé òfin ilé. Èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà d bọ́ sọnù, n sì di àránmú lára fáwẹ̀lì. P ti Gẹ̀ẹ́sì pàápàá di p tiwa, tí a ń fi ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n pè pọ̀. Ní èrò tiwa, ogún ṣílè tí ó wà nínú pọ́ùn kan kò ṣòro fún Yorùbá láti gbà, nítorí ogún ni òpómúléró ètò ònkà wa. Ẹni tí ó ti ń ka owó ẹyọ ní ẹgbàá àti ọ̀kẹ́ kò ní kọsẹ̀ lórí ogún.

Pọ́ùn àti ìtàn ilẹ̀ ní Alímọ̀ṣọ́

Ilẹ̀ Àwórì ni Alímọ̀ṣọ́. Oko ni ó pọ̀ jù níbẹ̀ kí ìgboro Èkó tó fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ tí ó ń ka ènìyàn ní Nàìjíríà ka 1,277,714 ènìyàn níbẹ̀. Ilẹ̀ tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ń gbé kò lè ṣe kí ó má lẹ́jọ́. Nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní ọdún 1976, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu jẹ́ ọ̀kan, ìwé ẹ̀rí jẹ́ òmíràn. Nínú méjèèjì ni pọ́ùn ti ń jẹ yọ.

Pọ́ùn wo ni? Láti ọdún 1912 ni ìgbìmọ̀ kan ti ń ṣe owó fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Pọ́ùn tirẹ̀ àti ti ìlú ọba kò ju ara wọn lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe pọ́ùn Nàìjíríà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1967, Gẹ̀ẹ́sì dín iye pọ́ùn tirẹ̀ kù, ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò dín tirẹ̀. Láti ìgbà náà, pọ́ùn tiwa níye lórí ju tiwọn lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí £ nínú ìwé ilẹ̀ ọdún 1969 ní Ẹ̀gbẹ́dá, tí ó wá fi iye pọ́ùn ìlú ọba ṣírò rẹ̀, ti ṣìnà.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà dé, pọ́ùn kan sì di náírà méjì. Owó pààrọ̀, ẹnu kò pààrọ̀. Àwọn òǹtajà àti òǹrajà ṣì ń pe ogún náírà ní pọ́ùn mẹ́wàá fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí àgbàlagbà kan bá wá jẹ́rìí pé ọ̀ọ́dúnrún pọ́ùn ni wọ́n ta ilẹ̀ kan ní ọdún 1976, ọmọ ìsinsìnyí lè sọ pé irọ́ ni baba ń pa, nítorí a kò ná pọ́ùn mọ́ ní ọdún náà. Baba kò purọ́. Ẹgbẹ̀ta náírà ni ó ń wí.

Kí a má sì rò pé ìlò yìí ti kú tán. Àpò kan tí a ń pe igba náírà kò ju ọgọ́rùn-ún pọ́ùn lọ. Ẹni tí ó bá pe ẹgbẹ̀rún náírà ní àpò márùn-ún ní ọjà Ìkọ̀tún ṣì ń ka pọ́ùn, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀wẹ̀, pọ́ùn ti di owó tí ẹbí fi ránṣẹ́ láti ìlú ọba.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìpilẹ̀ mẹ́ta ni pound ní nínú Gẹ̀ẹ́sì, àti pé ẹyọ kan tí a yá nínú wọn ti bí ìtumọ̀ púpọ̀ láàárín wa. Ìmọ̀ràn wa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gba ìtàn sílẹ̀ ni pé kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ owó bí ó ṣe jáde lẹ́nu àgbà gan-an, kí wọ́n bèèrè ọdún, kí wọ́n sì bèèrè iye tí ó jẹ́ ní náírà. Kí wọ́n má fúnra wọn yí i padà kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tí ó ná pọ́ùn ń dín kù lójoojúmọ́, àwọn nìkan ni ó sì lè sọ èyí tí wọ́n ní lọ́kàn fún wa.