Iṣẹ́ Ọnà Lábẹ́ Àṣẹ Ìjọba: Òpẹ́rà Beijing, 1966 sí 1976

Òpẹ́rà kan ni wọ́n fi tanná ran rògbòdìyàn tí wọ́n pè ní Ìyípadà Àṣà ní ilẹ̀ Ṣáínà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1965, Yao Wenyuan kọ àpilẹ̀kọ kan, ó fi bẹnu àtẹ́ lu eré tí òpìtàn Wu Han kọ nípa Hai Rui, ìjòyè olóòótọ́ ayé àtijọ́. Wọ́n ní ẹ̀gàn ìjọba Mao Zedong ló fara pamọ́ sínú rẹ̀. Wu Han kú sí àtìmọ́lé ní ọdún 1969. Ma Lianliang, àgbà òṣèré tó ṣe Hai Rui lórí ìtàgé, ti ṣáájú rẹ̀ lọ ní oṣù kejìlá ọdún 1966.

Kò pẹ́ tí eré nípa ọba, ìjòyè àti arẹwà obìnrin fi di èèwọ̀. Jiang Qing, aya Mao, tí òun náà ti ṣe òṣèré sinimá rí ní Shanghai, gba àkóso ìtàgé. Iṣẹ́ 8 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde: òpẹ́rà 5, ijó balẹ́ẹ̀tì 2, orin símfónì 1. Yangbanxi ni wọ́n ń pè wọ́n, èyí tí a lè túmọ̀ sí eré àwòkọ́ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìpolongo ìjọba ni àwọn eré wọ̀nyí, n kò lè jiyàn. Akọni inú wọn kì í ṣàṣìṣe, kì í bẹ̀rù. Ìmọ́lẹ̀ a máa tàn sí i lára ní àárín ìtàgé, ọ̀tá a sì dúró sí kọ̀rọ̀. Òfin ni èyí, kì í ṣe ìfẹ́ inú olùdarí. Síbẹ̀, ẹni tó bá wò wọ́n yóò mọ̀ pé àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì.

Ẹ jẹ́ kí a wo Fífi Ọgbọ́n Gba Òkè Ẹkùn, tí wọ́n ṣe sinimá rẹ̀ ní ọdún 1970. Yang Zirong, ọmọ ogun Kọ́múníìsì, díbọ́n bí ọlọ́ṣà, ó gẹṣin la igbó oníyìnyín kọjá lọ sí ibùba àwọn ọlọ́ṣà. Kò sí ẹṣin lórí ìtàgé. Pàṣán kan ṣoṣo ni òṣèré náà, Tong Xiangling, mú lọ́wọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe láti ayébáyé. Bó ṣe ń yí, tó ń fò, tó ń fà sẹ́yìn, ni òǹwòran fi ń rí ẹṣin àti bèbè òkè. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun òde òní kò ní apá aṣọ gígùn tí a ń jù sókè, kò ní irùngbọ̀n gígùn, kò sì kun ojú. Àwọn nǹkan wọ̀nyí gan-an ni òṣèré àtijọ́ fi ń sọ̀rọ̀. Ara nìkan ló kù tí wọ́n lè fi dí àlàfo náà.

Orin ni ó wù mí jù, nítorí ohun tí àwa elédè Yorùbá mọ̀ dáadáa ló wà níbẹ̀. Èdè olóhùn ni èdè Ṣáínà. Bí orin bá gòkè níbi tí ohùn ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ á dojú rú, bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn orin ìjọ wa tí wọ́n há èdè Yorùbá mọ́ inú ohùn orin Òyìnbó. Yu Huiyong, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ orin Shanghai, ti ṣèwádìí lórí àjọṣe ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin. Ó da ohun èlò orin Òyìnbó pọ̀ mọ́ jinghu, olókùn méjì tó fara jọ gòjé. Síbẹ̀ xipi àti erhuang, ìpìlẹ̀ orin òpẹ́rà Beijing, kò sọnù.

Ní ti ọ̀rọ̀, Wang Zengqi wà lára àwọn tó kọ Shajiabang. Ní ọdún 1958, wọ́n ti kà á mọ́ ọ̀tá, wọ́n sì lé e lọ ṣiṣẹ́ oko. Nínú eré náà, obìnrin kan tó ni ilé tíì, tó ń ṣiṣẹ́ fún Kọ́múníìsì ní ìkọ̀kọ̀, dojú kọ àwọn ọ̀tá méjì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń kọ ohun tó wà lọ́kàn wọn lórin. Òǹwòran ń gbọ́, àwọn kò gbọ́ ti ara wọn. Ọgbọ́n ìtàgé àtijọ́ ni. Ìṣe ẹni tó mọ̀ bí a ṣe ń gba oníbàárà lálejò ni obìnrin náà fi bò wọ́n lójú. Lójú tèmi, apá yìí ló dára jù nínú gbogbo wọn.

Yu Huiyong di mínísítà àṣà ní ọdún 1975. Lẹ́yìn ikú Mao ní 1976, wọ́n mú un, ó sì pa ara rẹ̀ ní 1977. Wang Zengqi padà sí ìtàn kíkọ, èyí ló sì sọ ọ́ di olókìkí. Wọ́n ṣì ń kọ àwọn orin náà. Ní ọdún 1986, òǹkọ̀wé Ba Jin, tí wọn kò jẹ́ kí aya rẹ̀ rí ìtọ́jú tó tó kí ó tó kú ní 1972, tún gbọ́ wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àlá burúkú ni wọ́n gbé wá bá òun.