Ìtànṣán Lésà àti Oògùn Adínwíwú Fún Dísìkì Ẹ̀yìn Tó Yọ

Dísìkì ni tìmùtìmù tó wà láàárín egungun kan àti èkejì nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí wọ́n máa ha ara wọn. 23 ni ti àgbàlagbà. Èèpo rẹ̀ yi, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì rọ̀, ó kún fún omi. Bí èèpo náà bá ya, ohun rírọ̀ yìí á yọ síta, á kan gbòǹgbò iṣan ìmọ̀lára tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀. Dísìkì méjì ìsàlẹ̀ pátápátá ni èyí sábà máa ń bá, ìdí nìyẹn tí ìrora fi ń ti ìbàdí gba itan lọ dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mixter àti Barr, oníṣẹ́ abẹ méjì ní Boston, ló fi orísun ìrora yìí hàn kedere ní 1934. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣì ń kà á sí jẹ̀díjẹ̀dí tàbí làkúrègbé, wọ́n á máa mu àgbo títí ẹsẹ̀ á fi máa kú.

Ní ọjà Oliha ní ìlú Bìní, bí ti ọjà ìyókù, ọrùn àti ẹ̀yìn ènìyàn ni ẹrù ń gùn kó tó dé ìsọ̀: àpò gaàrí, iṣu, agbọ̀n tòmátì. Kí alábàárù bẹ̀rẹ̀, kó gbé ẹrù wúwo, kó tún yí ìbàdí láti gbé e sínú bárò, ìṣesí yẹn gan-an ló ń ni dísìkì lára. Ọjọ́ orí, sìgá mímu àti ohun tí ènìyàn jogún náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá rù lónìí ni yóò jẹ lónìí kò rí ààyè sinmi, nítorí náà ìtọ́jú tó tètè ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán fún un.

Oògùn ló sún mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jù. Kì í ṣe pé dísìkì tẹ iṣan nìkan ló ń fa ìrora. Ohun tó jò jáde nínú rẹ̀ máa ń mú kí iṣan wú. Ní 1971, John Vane ṣàlàyé ní London pé aspirin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ara ṣe prostaglandin tó ń dá wíwú sílẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1982. Ibuprofen, diclofenac àti piroxicam wà nínú ẹbí yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni Alábùkún, tí aspirin wà nínú rẹ̀. Agbára wọn lórí dísìkì kéré ju bí a ti rò lọ. Nígbà tí àjọ Cochrane kó ìwádìí 10 jọ ní 2016, lórí ènìyàn 1,651 tí ìrora ń gba ẹsẹ̀ wọn, àwọn oògùn wọ̀nyí kò dín ìrora kù ju oògùn asán lọ, àmọ́ àwọn tó lò wọ́n sọ pé ara àwọn yá díẹ̀ sí i. Ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìpalára kíndìnrín ni ewu wọn, pàápàá bí ènìyàn bá lò wọ́n pẹ́ tàbí tó pa oríṣi méjì pọ̀.

Ní ti ìtànṣán lésà, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú ìrora kò lágbára tó láti gé ara. Endre Mester ní Budapest ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ní 1967 pé irun eku tí wọ́n fá tètè hù lábẹ́ ìtànṣán rẹ̀. Ìwádìí tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti Konstantinovic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Serbia, tó jáde ní 2010. Ènìyàn 546 ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì ń lo nimesulide mílígíráàmù 200 lójúmọ́. Apá kan gba lésà gidi fún ìgbà 15, apá kan gba ayédèrú, apá kẹta lo oògùn nìkan. Àwọn tó gba lésà gidi ni ìrora ẹ̀yìn àti ti ẹsẹ̀ wọn dín kù jù. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: kò sí ẹnì kan nínú wọn tó gba lésà láìlo oògùn. Ìwádìí náà fi hàn pé lésà lè ran oògùn lọ́wọ́. Kò fi hàn pé ó lè gba ipò oògùn. Kì í sì ṣe nimesulide ló yẹ kí ènìyàn sáré lọ rà, nítorí Finland àti Spain ti dá títà rẹ̀ dúró ní 2002 torí ìpalára tó lè ṣe fún ẹ̀dọ̀. Ní Tọ́kì, ìwádìí míì lórí aláìsàn dísìkì 80, tó jáde ní 2010 bákan náà, kò rí ìyàtọ̀ kankan láàárín lésà gidi àti ayédèrú, nígbà tí gbogbo wọn ń fi ohun gbígbóná jó ẹ̀yìn.

Lésà mìíràn wà tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbé wọ inú dísìkì láti sun díẹ̀ nínú rẹ̀. Graz ní Austria ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1986. Iṣẹ́ abẹ nìyẹn, kò sí lára ohun tí à ń fi wé oògùn.

Ohun tí ẹ̀rí ti lẹ́yìn jù ni àkókò. Ara fúnra rẹ̀ máa ń fa ohun tó yọ náà gbẹ, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì máa ń gbádùn láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, bí wọ́n bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n sì dáwọ́ ẹrù wúwo dúró. Oògùn ọjọ́ mélòó kan, lábẹ́ àmójútó, ló bójú mu fún alábàárù Oliha. Kò sí ìdí tí yóò fi jẹ gbèsè nítorí lésà. Ẹni tí kò bá lè tọ̀ mọ́, tí abẹ́ rẹ̀ kú, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, kó má ṣe dúró de oògùn tàbí lésà: kó lọ sí Ọsibítù Yunifásítì Bìní (UBTH) ní Ugbowo lọ́jọ́ náà gan-an.